Ẹnu Tí Ó Jẹ Dòdò

Mo ti ṣèlérí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni n ó sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan dé láti òkè òkun tí kò jẹ́ kí n lè dúró. Ẹ forí jì mí. Owó ilé-ìwé kò ní í sá lọ. Yóò bá wa nílé.

Àbúrò mi kan wà ní London, ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa sìgá. Ó wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọdún púpọ̀, ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, sìgá kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí èéfín kì í ti í kúrò lórí ààrò olóúnjẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé kan dé sọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n wá kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró mi wò, bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Èyí dára. Ọjọ́ wo ni o ń lọ?”

Ó ní, “N kò lọ, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wa bọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àwọn tí ń ṣe sìgá ni wọ́n sanwó fún ìwádìí tí ó ní ẹ̀rọ yẹn dára. Ẹni tí ó ta oró fún mi, ṣé òun náà ni yóò tún wá ta ẹ̀rọ̀ fún mi? Mo fẹ́ ya ìwé náà.”

Ẹ ò rí ọ̀ràn! Mo mọ̀ pé lóòótọ́ ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ibì kan, ní ọdún 2023 wọ́n sì kéde pé yóò kárí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 55 sí 74, tí wọ́n ń fa sìgá tàbí tí wọ́n ti fà á rí, ni wọ́n ń kọ ìwé sí. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ ní òkè òkun ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dé ọwọ́ wọn. Nítorí náà mo sọ fún un pé, “Má ya á. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n wádìí.”

Ìyàwó mi, tí ó ń ta gaàrí àti ẹ̀wà lọ́jà, ti ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Baálé mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ẹ bèèrè ẹni tí ó ra kóńgò.” Ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ ohun tí ó ń wí. Bí ẹnì kan bá mú kóńgò tirẹ̀ wá sọ́jà, ìdí rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ wò, bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní kóńgò ni olè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi aṣọ bo ìdí kóńgò rẹ̀ nígbà tí ó ń wọn ọjà fún wa, a ó ní kí ó ṣí i.

Mo wádìí títí, èyí sì ni mo rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ New England Journal of Medicine, tí àwọn dókítà ń kà káàkiri ayé, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde. Dókítà Claudia Henschke ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Weill Cornell ní New York ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ènìyàn 31,567 tí kò sí àìsàn lára wọn, ṣùgbọ́n tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè tètè mú, ni wọ́n fi ẹ̀rọ CT yẹ̀ wò láàárín ọdún 1993 sí ọdún 2005. CT yìí ni ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ní ìpele ìpele, bí ẹni gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́ láti mọ ohun tí ó wà ní àárín rẹ̀. Nínú àwọn ènìyàn náà, wọ́n rí jẹjẹrẹ lára 484. Nínú 484 yìí, àwọn 412 ni àrùn náà ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lára wọn. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn bẹ́ẹ̀, 88 ni jẹjẹrẹ náà kò ní í pa láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tí ó bá mọ ìwà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Àrùn náà a máa dákẹ́ bí olè. Kí onílé tó ta jí, ó ti kó ẹrù tán. Ìdí nìyí tí ariwo fi ta káàkiri pé bí a bá lè máa fi ẹ̀rọ yìí yẹ àwọn ènìyàn wò níbi gbogbo, a ó dá 80 dúró nínú ọgọ́rùn-ún ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń fà.

Ní ìparí iṣẹ́ náà, ní ibi tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ, wọ́n to orúkọ àwọn tí ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ dùn létí: àjọ tí ń wá bí a ó ti tètè rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, bí a ó ti dènà rẹ̀, àti bí a ó ti tọ́jú rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí yóò tún bèèrè pé ọmọ ta ni?

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ìwé ìròyìn New York Times bèèrè pé ọmọ ta ni. Wọ́n rí i pé owó àjọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo: mílíọ̀nù 3.6 dọ́là láti ọ̀dọ̀ Vector Group. Vector Group yìí ni ó ni Liggett nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sìgá. Dókítà Henschke fúnra rẹ̀ sì ni ààrẹ àjọ náà.

Ẹnu ya àwọn dókítà. Olóòtú ìwé àwọn oníṣègùn náà sọ pé láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde rí tí ilé iṣẹ́ sìgá ti lẹ́yìn. N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́, nítorí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ti Weill Cornell ní àwọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní a ti kéde ẹ̀bùn náà ní gbangba, ẹni tí ó bá wá a yóò rí i. Vector Group náà ní owó ni àwọn fi ta wọ́n lọ́rẹ, àwọn kò ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ti ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó jókòó ní ilé ìwòsàn rẹ̀ tí ó ń ka ìwé náà ní ọdún 2006, orúkọ àjọ aláàánú ni ó rí, kò rí sìgá. Ní ọdún 2008 yẹn kan náà, ìwé náà ní láti tẹ àlàyé jáde lórí ọ̀rọ̀ owó yìí. Wọ́n tún fi kún un pé Dókítà Henschke ń gba owó lórí ọgbọ́n kan tí ó dá láti máa wọn kókó àrùn nínú àwòrán, èyí tí ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ ti gba àṣẹ láti lò.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó kan onísìgá kan ẹ̀rọ ayàwòrán? N kò wọ inú ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí kì í fi sìgá sílẹ̀, mo sì sọ ìtàn ẹ̀rọ yìí fún un. Kí ni ó kọ́kọ́ sọ? Ó ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí! Bí wọ́n bá ti lè tètè rí i kí wọ́n gé e jáde, kí ni mo tún ń sá fún?” Ó sì ṣáná sí òmíràn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń ta sìgá, n kò ní í wá oníbàárà tí ó dára ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nísinsìnyí, kí ẹ má ba à rò pé mo kàn ń na ìka sí àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́, wọ́n fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta níbi ìdíje àròkọ láàárín àwọn ilé-ìwé ìlú kan. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdíje, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá kí mi. Iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan ni ó mú wá. Kò dárúkọ ìdíje. Ó kàn ní, “Tíṣà, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbèrò láti wá kí yín.” Mo dúpẹ́, mo gbà á. A pa àkùkọ. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ ni ó gba ipò kìíní.

Bí ẹ bá ní kí n búra, n ó búra pé àròkọ ọmọ náà dára. Àwọn adájọ́ méjì yòókù náà fún un ní máàkì gíga. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù méjì tí ọmọ tí ó ru iṣu wá sílé mi fi sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, “Ọmọ oníṣu” ni wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tí ó tún gbà pé ó mọ̀wé. Ó kó ẹ̀bùn rẹ̀, ó lọ fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Èmi jẹ iṣu, bàbá rẹ̀ gbé e wá. Ọmọ tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ni ó jìyà rẹ̀. Títí di òní, èmi fúnra mi kò lè sọ iye máàkì tí ó jẹ́ ti àròkọ àti iye tí ó jẹ́ ti àkùkọ. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹni tí ojú sì ń tì kì í mọ ìgbà tí ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ká ní mo dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí n sọ fún gbogbo ènìyàn pé, “Bàbá ọmọ yìí mú iṣu wá fún mi lánàá, ẹ jẹ́ kí àwọn méjì yòókù dájọ́ rẹ̀,” ọmọ náà ìbá ṣì gba ipò kìíní, kò sì sí ẹni tí ìbá lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún àbúrò mi pé kí ó má ya ìwé rẹ̀. Owó tí a bò mọ́lẹ̀ kò sọ pé irọ́ ni iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba òṣùwọ̀n kúrò lọ́wọ́ wa. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá ti bàjẹ́, kí a máa fọwọ́ sọ̀yà kò tó, kí a sì máa sá kò tó. A ní láti wá òṣùwọ̀n mìíràn.

Nínú iṣẹ́ ọdún 2006 náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, àwọn onímọ̀ ti rí ohun méjì tí ó kù díẹ̀ káàtó. Èkínní ni pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi CT yẹ̀ wò; kò sí ẹgbẹ́ kejì tí a kò yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ tí a lè fi wọ́n wé. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ọkọ̀ kan ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, yóò sì dé Èkó ní agogo méjìlá. Bí mo bá rí i ní Ìbàdàn, n ó ní ó fi wákàtí púpọ̀ rìn. Bí ìwọ bá rí i ní Ṣágámù, ìwọ yóò ní ìrìn rẹ̀ kò pẹ́. Ṣùgbọ́n agogo méjìlá náà ni ó dé Èkó fún àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a tètè rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ lè dà bí ẹni tí ó pẹ́ láyé ju ẹlòmíràn lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé a kàn tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ó yẹ kí a kà ni iye ènìyàn tí ó kú, kì í ṣe iye ọdún láti ọjọ́ tí a ti rí àrùn.

Òṣùwọ̀n kejì wá dé. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń pè ní National Cancer Institute, fi owó ìlú ṣe ìdánwò ńlá kan. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ènìyàn sínú rẹ̀, ní ibùdó 33. Àwọn 53,454 tí wọ́n ti fa sìgá gan-an, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 55 sí 74, ni wọ́n wọ inú rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn sí ọ̀nà méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: wọ́n fi CT yẹ ìdajì wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi X-ray lásán yẹ ìdajì kejì wò. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, òkú ni wọ́n kà, kì í ṣe ọjọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pa 443 nínú àwọn ti X-ray, ó pa 356 nínú àwọn ti CT. Ìyẹn ni pé ikú fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ní ọdún 2020, àwọn ará Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù náà tẹ àbájáde ìdánwò tiwọn jáde: nínú àwọn ọkùnrin 13,195, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tí wọ́n fi CT yẹ̀ wò.

Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ náà wúlò. Ọmọ oníṣu mọ̀wé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 20 kì í ṣe 80. Bí ìṣirò méjèèjì kò tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà pátápátá, ẹni tí ó ti fọkàn sí 80 yóò máa fa sìgá rẹ̀ lọ bí aránṣọ àdúgbò wa, nígbà tí ẹni tí ó bá mọ̀ pé 20 ni yóò mọ̀ pé ohun tí ó dára jù ni kí a ju sìgá nù. Ìdánwò ìjọba náà kò sì fi àléébù ẹ̀rọ náà pamọ́: nínú ọgọ́rùn-ún òjìji tí CT rí tí ó mú ìfura wá, 96 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìyẹn túmọ̀ sí ìdààmú ọkàn àti àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kan kò ṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ sìgá nìkan ni èyí. Ẹni tí ó ń ṣe oògùn jẹjẹrẹ ni ó sábà máa ń sanwó ìdánwò rẹ̀, nítorí ìdánwò oògùn ń jẹ owó bí iná ti ń jẹ koríko. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọn kò bá sanwó, ọ̀pọ̀ oògùn tí ń gba ẹ̀mí là lónìí kò ní í sí. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwé 75 jọ tí ó ti yẹ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò, ti oògùn àti ti ẹ̀rọ ìwòsàn. Wọ́n rí i pé èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sanwó fún sábà máa ń yin ọjà ilé iṣẹ́ náà ju èyí tí ẹlòmíràn sanwó fún lọ. Ẹnu tí ó jẹ dòdò ṣòro láti sọ òdodo; bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, a ó máa gbóòórùn òróró.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, New York Times àti ProPublica tún tú ọ̀ràn kan síta. Dókítà José Baselga ni olórí àwọn dókítà ní Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tí ó lókìkí ní New York. Iṣẹ́ ribiribi ni ó ti ṣe lórí jẹjẹrẹ ọmú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí tí ó kọ, kò dárúkọ owó tí ó ti gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn, owó náà sì tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ó gbà pé òun kò máa sọ ọ́ bí ó ti yẹ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó ní èyí kò túmọ̀ sí pé òun da iṣẹ́ òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti kú ní ọdún 2021. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Mo dárúkọ rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ènìyàn rere tí ó mọ iṣẹ́ lè ṣubú sínú kòtò yìí. Kì í ṣe ti àwọn ẹni burúkú nìkan.

Báwo ni àwọn akọ̀ròyìn ṣe mọ iye tí ó gbà? Òfin ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 2010 ni Amẹ́ríkà ṣe é pé ilé iṣẹ́ oògùn gbọ́dọ̀ kọ owó àti ẹ̀bùn tí wọ́n fún dókítà sílẹ̀ lọ́dọọdún, títí kan oúnjẹ. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣí àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Òmíràn tún wà. Láti oṣù keje ọdún 2005, àwọn olóòtú ìwé oníṣègùn ńláńlá kò gba iṣẹ́ ìdánwò tuntun mọ́ bí a kò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba kí a tó gba ẹni àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò mọ ìdí rẹ̀: kí a kọ ìbéèrè sójú pátákó kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba à lọ yí ìbéèrè padà lẹ́yìn tí ó ti rí ìdáhùn rẹ̀, tàbí kí ó jó ìwé tí ó fìdí rẹmi.

Kí ni àwa tí a wà nílé yóò wá ṣe? Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá wọ inú ìdánwò oògùn kan, tàbí bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti wádìí oògùn kan tàbí àgbo kan dájú pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin. Ta ni ó sanwó ìwádìí náà? Kí ni ẹni náà ń tà? Àwọn ta ni ẹ fi wé àwọn tí ó lò ó, ṣé ẹ sì ṣẹ́ kèké? Ṣé ẹlòmíràn tí kò jẹ nínú owó náà ti tún un ṣe, tí ó sì rí ohun kan náà? Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé a ṣàlàyé fún un kí ó sì fọwọ́ sí ìwé, ìgbìmọ̀ sì wà tí ń yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Nítorí náà ìbéèrè yín kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tòótọ́ kò ní í bínú sí i. Ẹni tí ó bá bínú, ẹ wo ìdí kóńgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, mo pe àbúrò mi padà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí sìgá dé orí iṣu. Ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé orí àkùkọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ ń sọ ni pé ọ̀rẹ́ mi kò purọ́, síbẹ̀ kí n lọ?”

Mo ní, “Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Onísìgá sanwó sínú ìwádìí kan, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí i. Ṣùgbọ́n owó ìlú ti ṣe òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ yẹ ara rẹ wò. Bí wọ́n bá sì rí òjìji, má kú sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí ó jẹ́.”

Ó lọ ní ọjọ́ Tuesday tí ó kọjá. A ń retí èsì, mo sì bẹ yín kí ẹ bá wa ṣe àdúrà. Nígbà tí ó ti ibẹ̀ dé, ó pè mí. Mo gbọ́ tí ó ṣáná, mo sì gbọ́ tí ó fẹ́ ẹ pa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wí nǹkan kan.” N kò wí nǹkan kan.

Ìyàwó mi ni ó wí i. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ọkọ mi, ìwọ tí o bínú pé onísìgá sanwó ẹ̀rọ, owó ta ni wọ́n fi san án? Ṣé kì í ṣe tìrẹ?”

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni n ó sọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́.